Ó ti ní òun jẹ̀bi ní kóòtù: ṣé ó ṣì lè yí ohùn padà?

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti dá ilé wa rú. Àpò kòkó gbígbẹ mẹ́ta ni wọ́n tìtorí ẹ̀ mú àbúrò mi ọkùnrin. Inú oko tí bàbá wa gbìn kó tó kú ló ti ká a. Àbúrò bàbá wa ní òun lòun jogún oko náà, ló bá lọ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ sọ fún àbúrò mi pé, "Tí o bá ti dé kóòtù, ṣáà ti sọ pé o jẹ̀bi. Fáìnì ni wọ́n máa bù fún ẹ, wàá sì sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn." Ó sọ ọ́. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, èmi náà ò sí níbẹ̀. Kò sùn sílé o. Máàjísíréètì sún ẹjọ́ sí Ọjọ́rú tó ń bọ̀, kí ìjọba wá ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ kí òun tó dájọ́, wọ́n sì gbé ọmọ lọ sẹ́wọ̀n Adó láti lọ dúró de ọjọ́ náà.

Lọ́yà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní ó lè yí ohùn padà. Àwọn àgbà ilé ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé ìwọ̀sí ni sí kóòtù, pé ńṣe ni ìyà á tún wá le sí i. Èwo ni ká ṣe?

* * *

Lọ́yà yín tọ̀nà. Ẹni tó bá ti ní òun jẹ̀bi lè bẹ kóòtù pé kó jẹ́ kí òun gba ọ̀rọ̀ náà padà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò jẹ̀bi, kí ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe akọ̀wé kóòtù máàjísíréètì ní Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi ni mo máa ń dìde ka ẹ̀sùn sí ẹlẹ́jọ́ létí. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbà fún, mo sì ti rí àwọn tí wọ́n ní kí lọ́yà wọn lọ jókòó.

Ohun tó ń ràn yín lọ́wọ́ ni pé wọn ò tíì dá ìyà fún un. Ní kété tí máàjísíréètì bá ti pe iye oṣù tàbí iye owó, ọwọ́ ẹ̀ ti kúrò nínú ẹjọ́ náà, kò lè pa á dà mọ́ bó tilẹ̀ wù ú, ilé ẹjọ́ tó ju tiẹ̀ lọ lẹ máa gbà lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, àyè ṣì wà. Bó ṣe rí náà nìyẹn nílẹ̀ òyìnbó tí a ti mú òfin yìí wá: ní 1969, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ ọ́ pé kóòtù máàjísíréètì lágbára láti jẹ́ kí ẹlẹ́jọ́ yí "mo jẹ̀bi" padà níwọ̀n ìgbà tí wọn ò bá tíì dá ìyà fún un.

Nítorí náà, Ọjọ́rú ni gbèdéke yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìpàdé ẹbí lórí ìpàdé ẹbí gba ọjọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

* * *

Mo ti ka èsì tí ẹ̀ ń kọ láti àná. Àwọn kan ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹnìkan láti Ìkọ̀lé ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kí ọmọ náà yáa máa bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíràn ò tiẹ̀ fi òwe ṣe, ó ní, "Ṣé ó jí i àbí kò jí i?"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ará Ìkọ̀lé, torí òun ni mo rò pé ó ń kó àwọn ọmọ wa sẹ́wọ̀n jù. Òwe yẹn wà fún àgbàlá ọba àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé. Níbẹ̀, o jẹ́wọ́, wọ́n bá ẹ wí, wọ́n ní kí o ra ọtí tàbí kí o dá nǹkan oní-nǹkan padà, o dọ̀bálẹ̀, o sì bá wọn jẹun kí o tó máa lọ. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ mọ bàbá ẹ, ó mọ oko tí ẹ̀ ń jà sí, ó mọ èwo nínú yín ni aláṣejù. Máàjísíréètì ò mọ gbogbo ìyẹn. "Mo jẹ̀bi" tí o sọ níwájú ẹ̀ kì í ṣe ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba lo bá wọn ṣe tán yẹn: kò sí ẹlẹ́rìí tí wọ́n tún máa pè, kò sí ẹni tó máa béèrè pé ta ló gbin kòkó, kò sí ẹni tó máa bi àbúrò bàbá yín pé ìwé wo ló fi gba oko. Òfin ilẹ̀ wa sọ nínú abala 36 ìwé òfin 1999 pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí gbé ẹ̀sùn náà nídìí. Ọmọ tó bá ní òun jẹ̀bi ti fi ọwọ́ ara ẹ̀ yọ ìjọba nínú làálàá yẹn.

Ìyà ọjọ́ kan kọ́ tún ni. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ ológun, tó fẹ́ gba físà, wọ́n á bi í pé ṣé kóòtù ti dá a lẹ́bi rí. Fáìnì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náìrà náà, ìdálẹ́bi ni.

Ìwọ tó ní ṣé ó jí i àbí kò jí i: ohun tí ẹjọ́ wà fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó kó nǹkan pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tòótọ́ pé tòun ni, tí kò fi ẹ̀tàn ṣe é, kì í ṣe olè lábẹ́ òfin, ì báà tiẹ̀ jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ẹ̀ kò tọ̀nà. Ọmọ tó ká kòkó ní oko tí bàbá ẹ̀ gbìn ní ohun tó lè sọ. Wọn ò tíì bi í ni.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹlẹ́jọ́ bá ní òun jẹ̀bi, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn jáde ní 2015. Tiwa ní Èkìtì ti wà láti 2014. Nínú ti 2015, abala 274 ló sọ ọ́. Kóòtù gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ bó ṣe sún mọ́ ohun tó ti ẹnu ẹ̀ jáde tó. Lẹ́yìn náà, kó ní kí agbẹjọ́rò ìjọba ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó padà bi ẹlẹ́jọ́ pé: ohun tí wọ́n kà yìí, ṣé òun ni o ń sọ pé o jẹ̀bi ẹ̀? Ìgbà tó bá dá kóòtù lójú pé ẹlẹ́jọ́ gba gbogbo ohun tó para pọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ náà ló tó lè dá a lẹ́bi.

Mo rántí bàbá kan tí wọ́n gbé wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́, pé ó na aládùúgbò ẹ̀ lóko. Mo ka ẹ̀sùn, ó ní òun jẹ̀bi, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kà á tán. Ṣókótó iṣẹ́ oko ṣì wà nídìí ẹ̀, ilẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ṣókótó náà nísàlẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń ṣojú ìjọba dìde, ó ka bí wọ́n ṣe jà, ó ka ìwé dókítà. Máàjísíréètì wa nígbà yẹn, obìnrin kan tí kì í sáré, ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ó gbójú sókè: "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?" Bàbá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Olúwa mi. Mo fi igi ọkọ́ gbá a. Àmọ́ ó ti fa àdá yọ sí mi kí n tó gbá a."

Obìnrin náà fi bírò sílẹ̀. Ó wo ọlọ́pàá, ó wo bàbá, ó wò mí. Ó ní, "Kọ ọ́ pé kò jẹ̀bi." Bàbá fẹ́ máa jiyàn, ó ní òun ti jẹ́wọ́ kí òun lè tètè padà sóko ni! A ṣáà mú un jókòó. Kò sí lọ́yà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bẹ kóòtù. Ẹni tó ní òun jẹ̀bi, tó tún ń sọ pé wọ́n fẹ́ ṣá òun ládàá, kò tíì ní òun jẹ̀bi.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ní Ọjọ́rú, ìgbà tí wọ́n bá ka ọ̀rọ̀ tán tí wọ́n sì bi àbúrò yín, tó bá ní "mo kó o, àmọ́ oko bàbá mi ni," ó yẹ kí kóòtù fúnra ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn sọ́kàn pé ẹ ò nílò lọ́yà. Máàjísíréètì tí ẹjọ́ ogójì wà níwájú ẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan lè má gbọ́ "àmọ́" yẹn.

* * *

Ẹnìkan ti ń bínú: "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo olè ló máa jẹ́wọ́ lónìí kó sì sẹ́ lọ́la."

Rárá. Wọ́n máa ń sẹ́ lóòótọ́, kóòtù kì í sì í gbà. Ẹ̀tọ́ tí o kàn máa fa yọ kọ́ ni, ọwọ́ àánú àti òye adájọ́ ló wà, adájọ́ sì máa béèrè ìdí. Mo rí ọmọkùnrin kan ní Adó tó jí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní òun jẹ̀bi láàárọ̀. Ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ ṣáájú tiẹ̀ gba oṣù mẹ́fà láìsí owó ìtanràn. Kí wọ́n tó padà sórí tiẹ̀, ó ti ń fọwọ́ pe lọ́yà kan lẹ́yìn pé kó bá òun yí i. Máàjísíréètì bi í pé, "Kí ló dé?" Kò rí nǹkan sọ ju pé òun ò mọ̀ pé yóò le tó bẹ́ẹ̀. Fóònù náà wà lórí tábìlì, àwòrán kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Wọn ò gbà fún un, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ṣì í.

Ìbẹ̀rù ìyà ò tó. Ohun tí adájọ́ ń wá ni: ṣé ẹ̀sùn yé e nígbà tó ń dáhùn? Ṣé ẹnìkan halẹ̀ mọ́ ọn tàbí ṣèlérí fún un? Ṣé ohun tó fẹnu ara ẹ̀ sọ bá ẹ̀ṣẹ̀ náà mu? Ṣé ó ní àwíjàre tó yẹ kí kóòtù gbọ́? Bó sì ṣe tètè wá sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó dé lọ́sẹ̀ kejì kò dà bí ẹni tó dúró títí ọjọ́ ìdájọ́ fi pé.

* * *

Ọ̀rọ̀ ará Òmùò nípa àwọn Ìgbìrà tó ń báni ṣiṣẹ́ oko wọ̀ mí lára gan-an. Ó ní wọ́n gbé òṣìṣẹ́ òun kan lọ sí kóòtù, ọmọ náà ń mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ìgbà tó dé ọgbà ẹ̀wọ̀n ló tó mọ̀ pé òun ti ní òun jẹ̀bi.

Irú ẹ̀ pọ̀ lágbègbè wa. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ọjà, tó lè ná iṣu, lè má gbọ́ Yorùbá kóòtù. Abala 36 ìwé òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ẹlẹ́jọ́ ní èdè tó yé e, pẹ̀lú àlàyé kíkún, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Kajubo pẹ̀lú ìjọba, wọ́n wọ́gi lé gbogbo ìgbẹ́jọ́ nítorí pé ìwé kóòtù ò fi hàn pé wọ́n ka ẹ̀sùn fún ẹlẹ́jọ́ kó sì yé e bó ṣe yẹ kí ó tó dáhùn. Ẹjọ́ ńlá ni, kì í ṣe ti ẹni tó jí adìẹ.

Mo ti ń jókòó lábẹ́ máàjísíréètì kan tí kì í bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ fi ẹnu ara ẹ̀ tún ẹ̀sùn sọ padà fún un. Ó máa ń gba àkókò. Àwọn ọlọ́pàá kì í fẹ́ràn ẹ̀.

Àbúrò tiyín gbọ́ Yorùbá, kí lọ́yà má lọ fi àìgbọ́èdè ṣe àwíjàre. Ìlérí ọlọ́pàá àti ọ̀rọ̀ oko bàbá ló lágbára.

* * *

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì tí ẹ̀ ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Ó kéré tán èèyàn mẹ́rin ló ti kọ ọ́ pé "ó ti buwọ́ lu ìwé ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ti tán." Ìwé tí èèyàn kọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀rí ni. Wọ́n á mú un wá, lọ́yà á lè sọ pé lílù ni wọ́n lù ú tàbí ẹ̀tàn ni wọ́n fi gbà á, kóòtù á sì kọ́kọ́ ṣe ìgbẹ́jọ́ kékeré lórí ìyẹn nìkan kó tó pinnu bóyá òun máa gbà á wọlé. Òfin ẹ̀rí ti 2011 ní kí wọ́n má lò ó bó bá jẹ́ pé ìfìyàjẹni ló bí i. Ṣùgbọ́n "mo jẹ̀bi" tó sọ ní ojú kóòtù kì í ṣe ẹ̀rí, òun ló ń mú kí ẹ̀rí di ohun tí wọn ò nílò mọ́. Ẹ lè yí ìkejì padà kí ti àkọ́kọ́ ṣì dúró lọ́rùn un yín.

Nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yìí, mo tiẹ̀ rò pé ìwé ọlọ́pàá náà lè ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní pé oko bàbá òun ni òun ti ká kòkó, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé lọ́yà ló kọ́ ọ sọ lẹ́yìn tí ìyà sún mọ́lé. Kí lọ́yà gba ẹ̀dà ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí èmi máa béèrè nìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ wá yí sórí àwọn ọmọ Yahoo, mo sì mọ̀ pé yóò débẹ̀. Ẹ ní wọ́n máa ń ní àwọn jẹ̀bi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Adó, wọ́n á gba fóònù àti mọ́tò lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gbálẹ̀ fún oṣù díẹ̀, "àwọn olówó á sì lọ." Ẹ tún dárúkọ àwọn ńlá. Òótọ́ ni pé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀, Tafa Balogun, ṣe oṣù mẹ́fà ní 2005. Òótọ́ ni pé gómìnà Ẹdó tẹ́lẹ̀, Lucky Igbinedion, san fáìnì mílíọ̀nù 3.5 náìrà ní 2008. Inú bí aráàlú.

Àdéhùn ni tiwọn, òfin sì ti wà fún àdéhùn báyìí, abala 270 nínú ti 2015. Ẹlẹ́jọ́ àti agbẹjọ́rò ìjọba á jọ kọ ọ́, wọ́n á buwọ́ lù ú, adájọ́ á bi í bóyá tinútinú ẹ̀ ló fi wọ̀ ọ́. Ibi tó kan ìbéèrè wa rèé: bí adájọ́ bá rí i pé ìyà tí wọ́n jọ fẹnu kò sí kéré, tó fẹ́ fi kún un, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́jọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́jọ́ lè ní kó máa bọ̀, ó sì lè jáwọ́ nínú àdéhùn náà pátápátá, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí níwájú adájọ́ mìíràn tí wọn ò ní sọ ohunkóhun fún nípa àdéhùn yẹn. Òfin fúnra ẹ̀ ló fún un láyè, kò nílò àánú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ tó bá gbà, tí wọ́n sì dá a lẹ́jọ́, kò sí pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn mọ́ àyàfi tó bá ní wọ́n lu òun ní jìbìtì.

Ìwọ tó ń bú gbogbo ọmọ Yahoo, bínú lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn àti ọmọ kòkó yìí ni pé lọ́yà jókòó ti wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ọmọ kòkó, ọlọ́pàá kan ló kàn fẹnu sọ fún un. Ọlọ́pàá ò ní agbára láti ṣèlérí fáìnì fún ẹnikẹ́ni, kì í ṣe òun ló ń dájọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn náà lè yí ohùn padà: ní ẹ̀sùn tí ikú jẹ́ ìyà ẹ̀, bí ẹlẹ́jọ́ bá tilẹ̀ pariwo pé òun jẹ̀bi, "kò jẹ̀bi" ni kóòtù máa kọ, ìjọba á sì mú ẹlẹ́rìí wá. Kò sí nǹkan tí wọ́n máa yí padà níbẹ̀.

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọjọ́rú.

Kí lọ́yà lọ bá a ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣáájú, ní ojú ọ̀nà Afao (òfin ti yí orúkọ ẹ̀ padà sí ọgbà àtúnṣe ní 2019, ẹ̀wọ̀n ni gbogbo wa ṣì ń pè é). Kó má jẹ́ ojú kóòtù ni ọmọ náà ti máa kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yí ohùn ẹ̀. Mo ti rí i tí lọ́yà dìde tó ní "oníbàárà mi fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà," tí máàjísíréètì bi oníbàárà, tí ìyẹn ní "rárá sà, mo jẹ̀bi." Ẹ̀rín gba ilé ẹjọ́ kan. Lọ́yà yẹn kó ìwé ẹ̀.

Kí ó dìde kí agbẹjọ́rò ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ó lè fẹnu sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sàn kó kọ ọ́, kó sì fi ìwé ìbúra tì í, níbi tí ọmọ náà ti sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, ẹni tó sọ ọ́, ibi tí wọ́n wà, àti ìdí tó fi gbà pé oko tiwọn ni. Ìlérí ọlọ́pàá ṣòroó fi hàn, torí ọlọ́pàá á sẹ́. Kí ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e lórí. Ọ̀rọ̀ oko ni kó wà níwájú: ta ni aládùúgbò oko tó mọ ẹni tó gbìn ín? Ta ló ń ká kòkó ibẹ̀ látìgbà tí bàbá yín ti kú? Ṣé ìpàdé ẹbí kan ti wà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pípín ẹ̀? Ṣé ẹni tó ra kòkó lọ́wọ́ bàbá yín ṣì wà láyé? Ẹ mú èèyàn méjì wá jókòó ní kóòtù.

Tí wọ́n bá gbà, kí lọ́yà tọrọ béèlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi kò yẹ kó máa jókòó sẹ́wọ̀n lórí àpò kòkó mẹ́ta. Kí onídùúró ti múra sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti ìwé owó orí ẹ̀. Àìsí ìwé owó orí ló máa ń fi èèyàn sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú láti sọ ni pé ẹjọ́ lè pẹ́. Wọ́n á sún un, ẹlẹ́rìí ò ní wá, ọlọ́pàá á ti lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Àwọn kan máa ń tìtorí ẹ̀ sọ pé kó ṣáà gba fáìnì kó máa lọ. Bí ọmọ náà bá mọ̀ nínú ara ẹ̀ pé òru ló lọ, pé ó fi kòkó pamọ́, pé ó mọ̀ pé oko náà kì í ṣe tàwọn, kó jẹ́ kí lọ́yà bá òun bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má fi irọ́ ra ọdún méjì. Lọ́yà nìkan ni kó sọ ìyẹn fún. Kò yẹ kí ẹ̀gbọ́n tàbí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kọ èsì níbí béèrè.

Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà, ọ́fíìsì Legal Aid Council ìjọba àpapọ̀ wà ní Adó, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò ní. Ẹ tètè lọ, wọn kì í gba ẹjọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́.

Àbúrò bàbá yín ńkọ́? Ẹ lè máa bá a sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣi òye: ìjọba ló ni ẹjọ́ báyìí. Bó bá ní òun ti dárí jì í, agbẹjọ́rò ìjọba ló máa pinnu bóyá òun máa fà á yọ. Ẹ sì má jẹ́ kó fi "ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé" mú kí lọ́yà yín má lọ ní Ọjọ́rú.

* * *

Ẹni tó béèrè ti kọ̀wé padà: "Ẹ ṣé gan-an sà. Lọ́yà máa lọ bá a lọ́la. Tí máàjísíréètì bá wá kọ̀ ńkọ́, tó sì dájọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?"

Kí lọ́yà rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kóòtù pé ó tọrọ àyè láti yí i, àti ìdí tó sọ, àti ohun tí máàjísíréètì fi dáhùn. Kí ó má jókòó títí yóò fi gbọ́ pé wọ́n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ gíga ní Adó. Ẹni tó ní òun jẹ̀bi kò lè lọ síbẹ̀ láti kàn sọ pé òun kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ pé ẹ̀sùn ò yé òun, pé ohun tí ìjọba kà kò tó ẹ̀ṣẹ̀ náà, pé ohun tí òun sọ kì í ṣe ìjẹ́wọ́, tàbí pé wọ́n fi àìtọ́ kọ̀ fún òun. Láti ilé ẹjọ́ gíga sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, 90 ọjọ́ ni ẹjọ́ ọ̀daràn ní. Láti máàjísíréètì sí ilé ẹjọ́ gíga, àkókò kúrú jùyẹn lọ dáadáa, kí ó fi ìwé sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Kí ó sì tọrọ béèlì títí ẹjọ́ á fi parí, torí bí ìyà bá kúrú, ọmọ lè ṣe é tán kí wọ́n tó pe ẹjọ́ náà.

Ẹ̀dà ìwé kóòtù ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá dájọ́, kí ẹnìkan nínú yín lọ bá akọ̀wé lẹ́yìn tí kóòtù bá dìde, kó kọ ìwé ìbéèrè, kó san owó ẹ̀, kó gba rìsíìtì. Tí wọ́n bá ní ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ò sí níbẹ̀, kí ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì.